Ìmọ́lẹ̀ Tí Kò Kóra Jọ

Ilé náà gùn ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Yàrá kọjú sí yàrá lọ́tùn-ún lósì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ló là wọ́n láàárín, láti ẹnu ọ̀nà tó wo títì Ìsọlọ̀ títí dé ilé ìdáná lẹ́yìn. Kò sí ayálégbé tó fẹ́ràn ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ọ̀sán gangan, òkùnkùn ni. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra á fẹsẹ̀ kọ kórobá ẹlòmíì. Akínbọ̀wálé Dúrósinmí nìkan ló yìn ín. Ọjọ́ tó ti òkè òkun dé, tí wọ́n fà á lọ́wọ́ wọlé, ó fọwọ́ tọ́ ògiri lọ, ó fọwọ́ tọ́ ọ bọ̀, ó ní ibí gùn, ó sì ṣókùnkùn, á gba iṣẹ́ òun.

Iṣẹ́ wo? Ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ ń bi ara wọn nìyẹn, nítorí Akin tó lọ sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ojú rẹ̀ méjèèjì ti padà dé láìsí ojú.

Ìmọ́lẹ̀ ló lọ kọ́ lọ́hùn-ún. Kì í ṣe ti àtùpà tàbí ti gílóòbù o. Lésà ni wọ́n ń pè é, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde nínú ẹ̀rọ ní tààrà bí okùn tí wọ́n fà le, tí agbára rẹ̀ lè pọ̀ débi pé á la irin já. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, ìtànsán kan ló kọ lu irin dídán, ó ta padà, ó bá Akin lójú. Láti ìgbà náà, ó mọ ìgbà tí ojúmọ́ mọ́, ó mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú, kò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tinúadé ló wá di ojú fún un. Òun ni àbíkẹ́yìn ìyá wọn, ọmọbìnrin tí kì í wo ènìyàn lójú, tí ohùn rẹ̀ kì í sì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Ikọ́ èémí kò jẹ́ kó lè máa rìn lọ sílé ìwé ní kékeré, bàbá wọn tó jẹ́ tíṣà ló fi sílétì kọ́ ọ nílé. Láàárín àwọn àgbàlagbà ló dàgbà sí, gbogbo ohun tó mọ̀, etí ló fi kó o jọ. Nígbà tí Akin ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbọ́.

Akin ní ìmọ́lẹ̀ alágbára yẹn ní àrùn kan. Bó ṣe ń la inú afẹ́fẹ́ kọjá ló ń mú afẹ́fẹ́ náà gbóná. Afẹ́fẹ́ tó bá sì gbóná á wú, á fún ìmọ́lẹ̀ ní ọ̀nà wíwọ́ gbà, kó tó dé ibi tó ń lọ, á ti túká. Ẹni tó bá wá ní òun á fi agbára kún un kó lè dé ibẹ̀, ṣe ló tún ń ba ọ̀nà jẹ́ fún un sí i.

Tinúadé rántí títì tuntun tí àwọn òyìnbó ń la gba Òṣòdì. Bí oòrùn bá ti mú, èèyàn á rí i lókèèrè tí ọ̀dà ibẹ̀ ń jó, tí àwọn tó ń bọ̀ lórí rẹ̀ á dà bí ẹni tí ẹsẹ̀ wọn ti yọ́. Ó rọra bi í bóyá irú èyí ni.

"Òun gan-an ni," ni Akin wí, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "O ti mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, o ti rí i ní Òṣòdì."

Ìtọ́jú àrùn náà ló gba ìrònú. Akin ní kí wọ́n mú dígí kan tó tinrín, kí wọ́n to síkúrù sẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá yí síkúrù kan síwá sẹ́yìn, ibẹ̀ nínú dígí á yọ gọngọ tàbí kó tẹ̀ wọnú, díẹ̀ báyìí tí ojú lásán kò lè rí. Dígí náà á ti kọ́kọ́ wọ́ ìmọ́lẹ̀ sí òdì kó tó jáde. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wá wọ́ ọ tirẹ̀, á tọ́, á sì dé ibi tó ń lọ ní kíkójọ, bí ojú abẹ́rẹ́.

"Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe," ló wí. "Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró lọ́hùn-ún kó máa sọ bó ṣe rí fún ẹni tó ń yí síkúrù. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ló ń sọ ọ́. Níbí, ìwọ ni."

Ẹ̀rọ lésà kékeré kan ló gbé bọ̀ nínú àpótí aṣọ rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pupa bí ojú àgbàdo tó ń jó lórí ẹyín iná. Kò lágbára tó láti mú afẹ́fẹ́ gbóná fúnra rẹ̀, nítorí náà wọ́n fi ooru mìíràn rọ́pò. Páànù ni wọ́n ká bí ọpọ́n gígùn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí bíríkì lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé sítóòfù kẹrosíìnì sábẹ́ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á ti ara dígí gba inú páànù gbígbóná kọjá, á bọ́ sára páálí funfun tí Tinúadé dúró tì nítòsí ilé ìdáná. Mùdáṣírù, awakọ̀ tó ń gbé yàrá kejì, máa ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ gíga kọjá lórí páànù náà bí ó bá fẹ́ lọ wẹ̀. Pósí ejò ló sọ ọ́. Á ní, "Alákọ̀wé, ìgbà wo ni ìsìnkú gan-an? Ẹ jẹ́ kí n mọ̀, kí n lè gba àyè níbi iṣẹ́." Akin á rẹ́rìn-ín, á ní òkú náà kò tíì kú tán.

Eré kọ́ ni wọ́n ń fi ṣe. Yunifásítì fẹ́ ṣí ilé iṣẹ́ tuntun fún ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀, owó epo rọ̀bì ń wọlé, ìjọba ń kọ́lé káàkiri. Oyèlékè, ọ̀rẹ́ Akin láti ilé ìwé gíga, wà nínú ìgbìmọ̀ tó máa yan àwọn tó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ti ránṣẹ́ pé òun á wá wò ó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá lè kóra jọ lójú òun, á ní ẹnu láti fi sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ pé afọ́jú yìí ṣì lè ṣiṣẹ́. Bí kò bá kóra jọ, kí ni ó fẹ́ wí? Akin mọ̀ pé kò sí ilẹ̀kùn mìíràn tó ṣí fún òun. Ó sọ ọ́ fún Tinúadé bẹ́ẹ̀, láìfi ohunkóhun bò ó: bí èyí bá bọ́, orí bẹ́ǹṣì ìyá wọn ló kù tí òun á ti máa ka àwọn tó ń kọjá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, òótọ́ ni Tinúadé ń sọ. Akin á yí síkúrù kan, á béèrè bó ṣe rí. Tinúadé á ní ó túká bí epo pupa tó dà sínú omi. Akin á tún òmíràn yí. Tinúadé á ní ó ti fọ́ sí ọ̀nà méjì báyìí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí ilẹ̀ fi ń ṣú nìyẹn. Nígbà tí àwọn ayálégbé bá ń ti ibi iṣẹ́ dé, Akin á nu ọwọ́ rẹ̀, á ní ó tó, á wọ yàrá lọ láìfọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ń rù. Egungun èjìká rẹ̀ ti ń hàn lábẹ́ ẹ̀wù.

Ní ọjọ́ kan, ìyá wọn pe Tinúadé sẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ìyá kò pariwo. Ohùn ìsàlẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀, èyí tó máa ń ba Tinúadé lẹ́rù ju ariwo lọ.

"Ṣé ìwọ ló ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ lójoojúmọ́ pé kò dára, kò dára?"

Tinúadé ní bó ṣe rí ni òun ń sọ.

"Ta ló kọ́ ẹ ní irú ẹnu ṣákálá bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ara ń ro, ṣé a máa ń ka ìrora rẹ̀ sí i létí ni? Ojú ti lọ. Ọkàn ló kù, ìyẹn ni o wá ń gún lábẹ́rẹ́. Bó bá bi ọ́, sọ pé ó ń bọ̀ sípò. Ṣé ó máa bu ẹnu rẹ jẹ ni?"

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ẹbí wọn nìyẹn, kì í ṣe òní. Nígbà tí bàbá wọn kú ní Ìkẹ́rẹ́, Akin wà lókè òkun. Àwọn àgbà ní ẹni tó wà lẹ́yìn odi kì í gbọ́ irú rẹ̀ lójijì. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n kọ sí i, Bàbá ń kí i. Nígbà tó yá, Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n, kò lè di kálàmù mú. Kó tó dé ilé kó tó gbọ́ òótọ́, koríko ti hù lórí sàréè. Akin kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ọjọ́ tí bàbá kú gan-an ló kàn béèrè, ó sì jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n rí i pé ó ń ṣírò lọ́kàn, pé ó ń wá ìwé tí ìkíni bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ irọ́.

Tinúadé rántí ìjókòó yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbọ́ ti àgbà ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Akin yí síkúrù, ó béèrè bó ṣe rí. Tinúadé wo ìmọ́lẹ̀ tó fọ́nká lójú páálí, ó ní, "Ó jọ pé ó ń kóra jọ, Bọ̀dá."

Akin dúró. Ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Akin wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kan tó ti inú wá, tí Tinúadé kò gbọ́ rí láti ìgbà tó ti dé. Alẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ iyán tán, ó ní kí wọ́n fún òun sí i. Ìyá wo Tinúadé láti ẹnu ìkòkò, ó mi orí sí i pé ó káre.

Tinúadé rò pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Irọ́ kì í dá rìn, á ní kí o bá òun wá ẹnì kejì. Síkúrù tí Akin yí tí Tinúadé ní ó dára, á tún yí i síwájú sí i lọ́nà yẹn, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀nà ire ni. Ibi tó yẹ kó ti padà, kò padà. Ọ̀sẹ̀ ń gun orí ọ̀sẹ̀, dígí ń wọ́ sí i, ìmọ́lẹ̀ náà sì burú débi pé bí wọ́n bá yọ dígí kúrò pátápátá, á sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akin ń kọrin bí ó bá ń fá irùngbọ̀n. Ó ní òun ti rí i, ó ní orí òun pé. Ó ránṣẹ́ sí Oyèlékè pé kó máa bọ̀.

Tinúadé lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ta òwú àti bọ́tìnì ní Òṣòdì, ó kúnlẹ̀ síwájú igbá, ó ní Màámi, àlejò máa rí i. Ìyá rẹ̀ ń ka bọ́tìnì fún oníbàárà, kò gbójú sókè. Ó ní ọmọ tí wọ́n bí ire ni Lékè, kò ní wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú kó ní kò dára. Òun sì ti bá a sọ̀rọ̀, kí Tinúadé fi ọkàn balẹ̀.

Oyèlékè dé ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Mọ́tò rẹ̀ kò lè dé ilé, katakata ti hú ojú ọ̀nà, òdì kejì rélùwéè ní Òṣòdì ló gbé e sí, ó wá fẹsẹ̀ rìn. Eruku pupa dé orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, ó di mọ́ Akin, wọ́n lu ara wọn lẹ́yìn, wọ́n pe ara wọn ní orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè ní ilé ìwé. Akin tan sítóòfù fúnra rẹ̀. Ó ṣàlàyé dígí àti síkúrù bí ẹni tó ń ka oríkì ọmọ rẹ̀. Ó wá tẹ ẹ̀rọ, iná pupa gba inú páànù lọ.

Oyèlékè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú páálí. Tinúadé dúró ti ògiri, ó ń wo ilẹ̀. Sítóòfù nìkan ló ń mí.

"Lékè," ni Akin wí, "kí lo rí?"

Oyèlékè gbójú sókè. Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ó sì rọra tẹ orúnkún rẹ̀, àgbàlagbà obìnrin, níwájú ẹni tí ó lè bí. Oyèlékè yára mójú kúrò.

"O kú iṣẹ́, Akin. Iṣẹ́ ńlá ni èyí."

"Mi ò ní kí o kí mi. Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Ó kéré," ni Oyèlékè wí. "Ó dára."

Akin kò rẹ́rìn-ín. Ó dúpẹ́, ó ní kó gbádùn, kó kí ìyàwó. Ìyá sin àlejò dé ìta. Bí ohùn wọn ti jìnnà, Akin tọ́ ògiri wá sí ibi páálí, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí Tinúadé.

"Di ìka mi mú," ló wí. "Fi tọ́ etí ìmọ́lẹ̀ náà fún mi. Ibi tó bá parí sí, ibẹ̀ ni kí o mú mi dé."

Ìka náà tutù. Tinúadé lè fi yí òbìrí kékeré kan lójú páálí, bí ẹ̀yìn kọ́bọ̀, kó sì tú u sílẹ̀. Ta ni ì bá mọ̀? Ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ẹnu sọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn di ọwọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ mú kó fi ṣì í lọ́nà. Ó fa ìka náà lọ sí òsì, ó lọ, ó lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí páálí.

"Títí dé ibí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá."

Ó fà á sókè, ó gbé e fò kọjá ibi tó ṣókùnkùn, ó tún gbé e lé ibi tí àfọ́kù ìmọ́lẹ̀ mìíràn wà. Nígbà tí wọ́n yí i ká tán, ìka Akin ti rin gbogbo páálí.

"Láti ìgbà wo?"

Tinúadé sọ fún un. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ní ó ń kóra jọ ni. Akin fi iwájú orí ti ògiri. Tinúadé ń retí kó gbá òun létí, ì bá sàn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le.

"Sáré lọ bá Lékè kó tó dé ìdí mọ́tò. Ní kó má lọ jẹ́rìí sí ohun tí kò rí. Sọ fún un pé kò dára, pé èmi ni mo ní kí o sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó bá mi gba àyè díẹ̀ sí i, kí ó sì padà wá. Mo lè tún un ṣe, Tinú. Bí mo bá ń gbọ́ òótọ́, mo lè tún un ṣe."

Ó sáré. Ọmọ tí kì í sáré, ó di ìró rẹ̀ mú, ó gba inú eruku katakata lọ, ó gba ẹ̀yìn àwọn alápatà, èémí ń dún ní àyà rẹ̀ bí fèrè tó là. Rélùwéè ló bá a ṣe é. Ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù kan ń wọ́ kọjá ní Òṣòdì, gbogbo èrò dúró dè é, Oyèlékè wà láàárín wọn, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. Tinúadé kúnlẹ̀ sínú òkúta. Pẹ̀lú èémí tó kù ún kù, ó jíṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rán an.

Oyèlékè fà á dìde. Ó dúró títí ariwo ọkọ̀ fi rọlẹ̀ díẹ̀.

"Mo rí i," ló wí. "Tinú, ọ̀rọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe rí kò sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n ti fi ẹlòmíì sípò yẹn kí n tó wá. Wọ́n ní àwọn ò lè fi afọ́jú sáàárín wáyà iná. Mo jà, wọn ò gbọ́. Ìyá yín ló bẹ̀ mí pé kí n ṣáà wá wò ó, kí inú Akin lè dùn fún ọjọ́ kan."

Ọkọ̀ ojú irin kọjá tán. Èrò ya lọ. Oyèlékè di èjìká rẹ̀ mú, ó ní, "Má wí bẹ́ẹ̀ fún un o. Sọ pé mo ní kó ṣe sùúrù, a ṣì ń wò ó. Díẹ̀díẹ̀, á yé e fúnra rẹ̀."

Tinúadé rọra ń rìn padà. Ó ní gbogbo títì Ìsọlọ̀ láti fi ro bí òun á ṣe sọ ọ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ Oyèlékè wò: *a ṣì ń wò ó*. Ó fẹ́lẹ́, kò wúwo lẹ́nu. Akin á gbé e, á fi rìn, á tún dígí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, á máa dúró de àlejò tí kò ní wá. Ìgbà wo ló máa yé e? Kí Akin náà tó túká bí ìmọ́lẹ̀ yẹn, ọdún mélòó?

Nígbà tó wọlé, wọ́n ti pa sítóòfù. Akin jókòó lórí bẹ́ǹṣì lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé àwo ẹ̀wà lé e nítan, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹun.

"O bá a?"

"Mo bá a, Bọ̀dá."

"Kí ló wí?"

Ìyá gbójú sókè. Ó wo Tinúadé, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ìka lé ètè. Ilẹ̀ ló wo, kò wo ìyá rẹ̀.

"Ó ní òun rí i. Ó ní wọ́n ti fi ẹlòmíì síbẹ̀ kí òun tó wá. Wọ́n ní àwọn ò lè fi afọ́jú sáàárín wáyà iná. Ó ní Màámi ló bẹ òun pé kí òun wá wò ó, kí inú yín lè dùn. Ó ní kí n má sọ fún yín."

Àwo ẹ̀wà náà kò mì lórí itan Akin. Ó yí ojú rẹ̀ sí ọ̀nà tí ìyá wà.

"Ẹ mọ̀, Màámi?"

"Akin mi, mo ní kí o ṣì máa jẹun ná."

Ó gbọ́. Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n la nǹkan yé. Ó fọwọ́ wá àyè lórí bẹ́ǹṣì, ó gbé àwo náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má baà dà.

"Ta ni wọ́n fi síbẹ̀?"

Tinúadé ní òun kò béèrè.

"Ì bá dára kí o béèrè," ló wí. "O ṣeun, Tinú."

Ó dìde. Ó tọ́ ògiri lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń ka ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ti yàrá, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ìyá yíjú sí ọmọbìnrin rẹ̀.

"Ṣé ara ti wá tù ọ́ báyìí?" ló bi í, ohùn rẹ̀ kò sì le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè pè é ní ìbínú.

Tinúadé jókòó sí àyè tí Akin dìde kúrò, igi ibẹ̀ ṣì gbóná. Ìyá àti ọmọ kọ etí sí ilẹ̀kùn náà, wọ́n ń retí ẹkún, tàbí kí ó kàn yí síkúrù kan, tàbí kí bẹ́ẹ̀dì dún. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan.